Erin Tó Wà Lábẹ́ Ọrùn Ọba

Erin kan wà lára owó wúrà kan tí wọ́n tẹ̀ ní London ní ọdún 1663. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́ ọrùn Ọba Charles Kejì ló dúró sí, níbi tí ère orí ọba ti parí, ẹni tí kò bá sì gbé owó náà súnmọ́ iná lè wò ó títí kó má rí i. Adé ewé tó wà lórí ọba àti irun rẹ̀ tó gùn ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bà lé. Èmi kì í wo ọba mọ́. Erin ni mo máa ń wá.

Erin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó gbé e dé orí owó wọn ni pé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn òyìnbó ìgbà náà ń pè ní Guinea, ni wúrà ọ̀hún ti wá. Ní 1660, ọba fún ilé-iṣẹ́ kan ní ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni kó máa bá Áfíríkà ṣòwò, James àbúrò ọba sì wà lára àwọn tó jẹ́ olórí rẹ̀. Erin ni àmì ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti kó wúrà dé, àmì wọn ni wọ́n máa ń fi sára owó tí wọ́n bá fi tẹ̀, kí ará ìlú lè mọ ẹni tó kó ọrọ̀ wọlé. Ní 1672 ni Royal African Company gba ipò ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò sì pẹ́ tí erin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé olódi kékeré kan sẹ́yìn. Owó 20 ṣílè ni ìjọba pe owó wúrà náà. Àwọn ará ọjà ò gbà. Guinea ni wọ́n ń pè é, orúkọ ibi tí wúrà ti wá, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára.

Àkójọ owó wúrà àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí mo ní kò pọ̀. Owó oṣù ni mo fi ń rà á, nítorí náà mo máa ń pẹ́ kí n tó ra ẹyọ kan, mo sì máa ń kàwé nípa rẹ̀ dáadáa kí n tó yọ owó lápò. Mo fẹ́ràn ducat ìlú Venice gidigidi. Ní 1284 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́: bíi gíráàmù 3.5, wúrà tí wọ́n yọ́ mọ́ dé ibi tí ọgbọ́n ìgbà náà lè yọ́ ọ dé. Olórí ìlú, doge, kúnlẹ̀ níwájú Máàkù Mímọ́ ní ojú kan. Jésù dúró láàárín ìràwọ̀ ní ojú kejì. Títí di 1797 tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Napoleon, àwòrán yìí kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Orúkọ doge ló ń yí padà. Ìdí rẹ̀ ni pé oníṣòwò ní Alexandria tàbí ní etíkun India, tí kò lè ka lẹ́tà kan lára rẹ̀, ti mọ ojú owó náà, bí ojú náà bá sì yàtọ̀ lọ́la, kò ní gbà á. Nígbà tí mo bá mú un dání, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ní sùúrù láti fi ohun tó dára sílẹ̀ bó ṣe wà fún 500 ọdún.

Florin ìlú Florence ló ṣáájú rẹ̀, ní 1252, pẹ̀lú òdòdó lílì lójú kan àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi lójú kejì. Kó tó dìgbà yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, fàdákà ni ọ̀pọ̀ ìlú ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ń ná. Ọ̀nà wo ni wúrà gbà padà dé ọ̀dọ̀ wọn? Púpọ̀ nínú rẹ̀ gorí ràkúnmí kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, láti ilẹ̀ Mali àti àwọn igbó gúúsù rẹ̀, títí dé Tunis àti àwọn èbúté mìíràn tí àwọn ará Ítálì ti ń rà á. Àwọn Potogí ò fẹ́ràn kí ẹlòmíràn wà láàárín àwọn àti wúrà yẹn, ni wọ́n bá gba ojú òkun wá. Ní 1457 Ọba Afonso Karùn-ún tẹ cruzado láti ara wúrà Áfíríkà. Nígbà tó di 1482 wọ́n ti ń kọ́ ilé olódi sí Elmina, ní etíkun Gánà òde òní. Àgbélébùú ló wà lára cruzado, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ja ogun ìsìn.

Òdòdó, ẹni mímọ́, àgbélébùú. Gbogbo rẹ̀ lẹ́wà, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó sọ ibi tí wúrà ti jáde. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi dúró sára guinea. Lẹ́yìn erin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sí àwọn owó mìíràn. VIGO wà lábẹ́ ọrùn Ọbabìnrin Anne lára àwọn tí wọ́n tẹ̀ ní 1703, láti ara ìkógun tí ọmọ ogun ojú omi wọn gbà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì àti Faransé ní èbúté Vigo lọ́dún tó ṣáájú. Wúrà inú ìkógun náà kéré débi pé ẹni tó bá ní ọ̀kan lónìí, olówó ni. E.I.C. wà fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá Íńdíà ṣòwò. LIMA wà lábẹ́ ọrùn George Kejì ní 1745, wúrà tí wọ́n gbà lójú òkun lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń ti Peru bọ̀. Wọ́n ń fi ohun tí wọ́n rí gbà yangàn, wọn ò sì mọ̀ pé ẹ̀rí ni àwọn ń kọ sílẹ̀ fún àwa tí a ó wá bí lẹ́yìn.

Kí n sọ̀rọ̀ wúrà náà fúnra rẹ̀ díẹ̀. Àwọn Akan ló ń wà á nínú igbó, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ jáde láti inú iyanrìn odò, ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí. Lẹ́búlẹ́bú wúrà ni wọ́n fi ń ṣe káràkátà. Òṣùwọ̀n idẹ kéékèèké ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí wọ́n rọ ní àwòrán ẹja, ẹyẹ, ọmọ ènìyàn tó ń fọn ìwo. Mo ti rí wọn nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, mo sì dúró pẹ́ níwájú wọn, torí pé ẹni tó rọ irú òṣùwọ̀n yẹn mọ iye ohun tó ń tà dáadáa. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ pé òyìnbó kàn fi ìlẹ̀kẹ̀ tan àwọn ènìyàn wa gba wúrà, irọ́ ni. Ọjà gidi ni wọ́n jọ ń ná, oníwúrà sì mọ ìgbà tí aṣọ tí wọ́n gbé wá kò dára. Láti Cape Coast, níbi tí Royal African Company fi ṣe olú ibùjókòó rẹ̀ ní Áfíríkà, wúrà á wọ ọkọ̀ lọ sí Tower, ilé olódi ọba tó wà létí odò Thames. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ owó. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á lú u mọ́ irin mìíràn díẹ̀ kó lè di kárátì 22, ìwọ̀n pọ́n-ùn àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà kan á sì fún wọn ní guinea 44 àti ààbọ̀. Láàárín 1673 sí 1713, wúrà tí Royal African Company kó dé ibẹ̀ di guinea tó lé ní 500,000.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Òòlù ni wọ́n fi ń lu owó tẹ́lẹ̀, etí rẹ̀ kì í sì gún régé, àwọn olè á wá fi àlùmọ́gàjí rẹ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n á yọ́ èyí tí wọ́n rẹ́, wọ́n á tà á. Pípa ni wọ́n ń pa ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Láti ìgbà Charles Kejì ni ẹṣin ti ń yí ẹ̀rọ tó ń na wúrà di pẹlẹbẹ nínú Tower, wọ́n sì ń fín ìlà sí etí owó kí ọ̀bẹ tó bá kàn án lè hàn. Àwọn fàdákà àtijọ́ tí wọ́n ti rẹ́ jẹ́ ṣì wà lọ́jà ṣá. Nígbà tó di 1695 fàdákà yẹn ti burú débi pé guinea kan di 30 ṣílè, torí fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe ṣílè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó fàdákà gbogbo sínú iná, ọdún yẹn náà ni Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ayé mọ̀, wọ iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wó ọba. Ó di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1699. Ní 1717, lẹ́yìn tó ṣe ìròyìn fún ìjọba lórí wúrà àti fàdákà, wọ́n fi guinea sí 21 ṣílè, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Títí di òní, guinea ni wọ́n fi ń pe iye ẹṣin eré ìje ní gbàǹjo ní Newmarket, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń ná an mọ́.

Guinea tí mo ní, ti James Kejì ni. Ó kọjú sí apá òsì. Charles ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún, nítorí àṣà wọn ni pé ọba tuntun kì í kọjú síbi tí ọba tó ṣáájú kọjú sí. Erin tó gbé ilé olódi wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀, ó ti pa rẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè dá ọwọ́jà rẹ̀ mọ̀. Inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan tí àwọn oníṣòwò owó àtijọ́ ti ń pàtẹ ni mo ti rà á. Ẹni tó tà á fún mi fi hàn mí pé wọ́n ti jó nǹkan mọ́ ọn létí rí, kí wọ́n lè fi kọ́ ọrùn, àpá ibẹ̀ ò sì lọ. Ohun tó jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń wá owó tí kò ní àbàwọ́n á fò ó. Ní tèmi, mo fẹ́ràn àpá náà: obìnrin kan ti fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ rí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àfikọ́rùn yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n jù ú sínú ìkòkò iná pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó gbé e yàtọ̀ sí ti Charles ni pé James kì í ṣe ọba nìkan. Òun gan-an ni gómìnà Royal African Company, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ nígbà tó gorí oyè ní 1685. Nítorí náà orí olórí ilé-iṣẹ́ ló wà lókè, àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, wúrà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kó ló wà láàárín. Nínú gbogbo owó wúrà Yúróòpù tí mo ti kà nípa rẹ̀, n kò mọ èyí tó sọ̀rọ̀ tó báyìí.

Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nígbà tó wá kí wa. Ó gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó bi mí léèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà. Mo sọ fún un. Ó gbé owó náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Àbúrò mi, owó ẹ̀jẹ̀ lo gbé wọlé yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀."

"O mọ̀, o tún rà á?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ìtàn òwò ẹrú tó kó ọmọ Áfíríkà kọjá òkun Àtìláńtíìkì tó Royal African Company. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń sàmì sí àwọn ènìyàn lára. Wọ́n ní ilé olódi ní Ouidah, ní etíkun orílẹ̀-èdè Benin òde òní, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Kétu, àwọn tí wọ́n sì ń kó gba ibẹ̀ kọjá ń ti àárín ilẹ̀ wá. Edward Colston, ẹni tí àwọn ará Bristol fà ère rẹ̀ ṣubú tí wọ́n jù sínú omi ní June 2020, wà lára àwọn tó darí ilé-iṣẹ́ náà. Wúrà àti ènìyàn, ọkọ̀ kan náà, ìwé ìṣirò kan náà. Àwọn ìwé ìṣirò yẹn ṣì wà ní Kew ní London, nínú ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ẹnikẹ́ni sì lè lọ kà wọ́n.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí, mo sì dúró lé e títí di òní. Wúrà Áfíríkà tí kò ní erin lára wà káàkiri. Ó wà nínú àpò ilé ìfowópamọ́, nínú ife ṣọ́ọ̀ṣì, nínú òrùka ìgbéyàwó àwọn tí kò mọ̀. Guinea wọ̀nyẹn kò pẹ́ láyé: ní àwọn ọdún 1770 ìjọba kó èyí tó ti fúyẹ́ jọ, wọ́n yọ́ wọn, lẹ́yìn òfin owó tuntun ti 1816 wọ́n yọ́ púpọ̀ sí i, owó wúrà tuntun tí wọ́n ń pè ní sovereign sì gba ipò wọn ní 1817. Erin pa rẹ́, wúrà ò pa rẹ́. Ẹni tó ní sovereign ìgbà Victoria lè ní wúrà Akan lọ́wọ́ kó má mọ̀. Ìwọ̀nba guinea tó ṣẹ́ kù ló ṣì ń jẹ́rìí. Ṣé kí n wá fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀ fún àwọn tó jẹ́ pé ẹwà irun ọba nìkan ni wọ́n ń wò? Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílé òun. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tó ṣe pàtàkì. Ẹ ra òṣùwọ̀n tó lè wọn ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù kí ẹ tó ra owó. Guinea máa ń tó bíi gíráàmù 8.3 tàbí 8.4; bó bá ti jẹ díẹ̀, ó lè wá sí 8.2. Ẹ so ó mọ́ òwú, ẹ rì í sínú ife omi tó wà lórí òṣùwọ̀n; iye tí òṣùwọ̀n bá fi lé sí i ni ìwọ̀n omi tó tì, ẹ fi pín ìwọ̀n owó náà. Wúrà kárátì 22 á fún yín ní nǹkan bíi 17.5 sí 17.8. Idẹ kò ní dé ìdajì rẹ̀. Mo sọ idẹ nítorí pé nígbà Victoria wọ́n rọ ayédèrú guinea George Kẹta púpọ̀ gan-an fún eré káàdì, ó ń dán, ọba wà lára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń rí i nínú àpótí ìyá àgbà wọn, wọ́n á rò pé àwọn ti là. Ẹ má fi ohunkóhun fọ owó àtijọ́, kódà bó dúdú. Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka mú. Ẹ sì máa ra lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á padà bí ìwádìí bá fi hàn pé kì í ṣe ojúlówó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owó wọ̀nyí ṣe ń yọjú lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ẹ wo ti Ellerby, abúlé kan ní Yorkshire. Ní 2019, tọkọtaya kan ń tún ilẹ̀ ilé ìdáná wọn ṣe, wọ́n sì bá ife kan lábẹ́ ilẹ̀, owó wúrà 264 ló wà nínú rẹ̀, láti 1610 dé 1727. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní London ní 2022, bíi 754,000 pọ́n-ùn ló pa. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yẹn ni pé owó wúrà Brazil kan wà láàárín wọn. Nígbà náà owó Potogí àti ti Brazil pọ̀ nínú ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń ná an pọ̀ mọ́ tiwọn láìwo ojú ọba tó wà lára rẹ̀.

Owó Brazil yẹn ni mo ń wá báyìí: 4,000 réis ti Bahia, tí lẹ́tà B wà lára rẹ̀, ti ìgbà João Karùn-ún, ọba Potogí. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń wa wúrà ní Minas Gerais, nínú ilẹ̀ Brazil, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun wa, tí wọ́n ń pè ní Mina, ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ sì fẹ́ jù, torí wọ́n gbà pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń rí wúrà ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn oníṣòwò Bahia wá ń yọ́ kó lára wúrà yẹn padà sí Ouidah, lòdì sí òfin ọba Potogí, láti fi ra ènìyàn sí i. Lẹ́tà B kékeré nìkan ni àmì tó wà lára owó náà, kò sí erin. Nítorí náà èmi ni yóò kọ ọ́.

Mo máa ń fi ìwé pélébé sábẹ́ owó kọ̀ọ̀kan nínú àpótí mi. Èyí tí oníṣòwò fún mi pẹ̀lú guinea sọ orúkọ ọba, bí owó náà ṣe jẹ sí, àti pé erin òun ilé olódi wà nísàlẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀, mo sì kọ tèmi lé e ní Yorùbá: àwọn Akan ló wa wúrà yìí, Cape Coast ló gbà jáde, James, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ni olórí ilé-iṣẹ́ tó kó o, ilé-iṣẹ́ náà sì kó ènìyàn pẹ̀lú. Mo ti kọ ti owó Bahia náà sílẹ̀ dè é.